Ìlànà Kẹsàn-án

Agogo mọ́kànlá ti lù n'Ífẹ̀.
Ẹ̀fọn ń bá mi kàwé ní yàrá òkè,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé.
Àríkẹ́adé ti sùn lórí kalukulétọ̀ rẹ̀,
eéje àti ẹẹ́jọ ti tẹ àmì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ìlànà kẹsàn-án ni mo dì mọ́.
Dókítà Fálọ́wọ̀ kọ ọ́ sójú pátákó lánàá:
"Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tajà láwìn gan-an
ni kẹ́ ẹ ti ṣírò iye tí kò ní padà wálé.
Ẹ má dúró dìgbà tónígbèsè bá sá lọ."
Gbogbo kíláàsì tẹrí ba, wọ́n ń kọ.
Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.
Ó ní kí n dìde, kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.
Mo ní kò sí, sà.

Irọ́ ni. Ó wà.
Ọ̀ṣúntúyì ni, bàbá tó bí bàbá mi,
ará Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ n'Íléṣà,
Òṣómàáló tó ru aṣọ dé Ìkirun, tó rù ú dé Ọ̀fà,
tó ń tà á láwìn fẹ́ni tí kò mọlé bàbá rẹ̀.
Kò mọ̀wé. Èédú ló fi ń kọ ọ́ sára ògiri yàrá:
ìlà kan, ṣílè kan,
ìlà gígùn, pọ́n-ùn.
Ọjọ́ owó bá pé, a dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè,
a ká ṣòkòtò sókè, a lóṣòó.
"Òṣó ni n ó ló títí n ó fi gbowó mi."
Oòrùn a là, oòrùn a wọ̀,
ìyàwó ilé a bu omi fún un,
a mu omi tán, a dá igbá padà,
kò ní dìde.
Orúnkún rẹ̀ ni lọ́yà, orúnkún rẹ̀ ni kóòtù.

Báwo la ó ṣe kọ irú òwò yìí sílẹ̀?
Ìwé ní kí n wo ohun tó ti kọjá,
kí n wo bí ọjà ṣe rí lónìí,
kí n fojú inú wo ọdún tó ń bọ̀,
kí n wá pín gbèsè sí ìpele mẹ́ta.
Mo ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn,
n kò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ orúnkún.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wọ mọ́tò tó gba Ọ̀ṣú lọ sílé.
Àǹtí Ọmọ́táyébí fi tọ́ọ̀ṣì tàn án fún mi:
ọ̀dà ti bo ìdajì, òjò ti jẹ díẹ̀,
ṣùgbọ́n àwọn ìlà náà ṣì tò bí ehín àgbàdo.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, mo rí ẹ̀kán dúdú kékeré,
ọ̀kan níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, kò sí rárá.
Àyà mi já.
"Ṣé iye tó mọ̀ pé kò ní padà ni bàbá sàmì sí?
Ṣé ọjọ́ tó tajà gan-an ló ti sàmì sí i?"
Àǹtí sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn, ó wò ó títí.
"Ìgbẹ́ eṣinṣin ni," ó ní.
"Jẹ́ ká lọ jẹun."

Mo jẹun. Ṣùgbọ́n mo kà wọ́n ná:
mẹ́tàdínlógún.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi, n kò sọ fún ẹnì kan.

Ìdánwò di Mọ́ńdè. Ìbéèrè kẹrin kì í yẹ̀,
ilé iṣẹ́ kan, onígbèsè ọgọ́rùn-ún, ṣírò àdánù.
Iná pajú dé lẹ́ẹ̀kan, ó tún là.
Àríkẹ́adé jí, ó ń wò mí tìyanu-tìyanu:
"Kí ló dé tó o fi lóṣòó sórí àga?"
N kò mọ̀ pé mo lóṣòó.
Mo fẹ́ dìde,
orúnkún mi dún kẹ́.